Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ọ̀rọ̀ fún òbí àti ọ̀dọ́ lórí mímọ ẹni tí a jẹ́ àti ìlera ọkàn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní òpópónà Arakale, ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì mú àkọ́bí rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ẹni tí ó bá mọ àwọn oníṣòwò Arakale mọ̀ pé ohun tí yóò mú wọn ti ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni ọdún méjìlélógún ni ọmọkùnrin náà. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

"Pásítọ̀, ẹ gbà mí. Ó ní orí ń gbóná, ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Bó bá ń kàwé, kì í yé e. Kì í sùn lóru. Ẹ bá mi wádìí, ta ló ń bá Dókítà mi jà?"

Dókítà! Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, èmi sì ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́la. Òun ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe dókítà. Ìjọ pàtẹ́wọ́, mo gbé e sókè, mo ní, "Ẹ wo Dókítà wa!" Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti parẹ́ lẹ́nu wa. Dókítà ni àwọn akọrin ń pè é, Dókítà ni àwọn ìyá ìjọ ń pè é, títí kan àwọn ọlọ́kadà tí ó wà ní ìyànà ilé wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo gbàdúrà fún un, mo sì ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò bi í léèrè ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn. N kò bi í léèrè iye òru tí kò fi sùn. Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, ó ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa ni ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó sọ fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Pásítọ̀, ẹ má bínú, ọmọ yìí nílò dókítà kó tó nílò ààwẹ̀." A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kẹta tí ó ti ń gba ìtọ́jú, ó ní òun fẹ́ rí èmi nìkan. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyí: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Dókítà mọ́."

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ tó tú jáde. Ó ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí iṣẹ́ ìṣègùn mú. Nígbà tí yunifásítì gbà á ní ìgbà kẹta, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn ni wọ́n fún un. Kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Kò lè sọ fún ìjọ tí ó ti ṣe ìdúpẹ́. Fún ọdún méjì gbáko, bí ó bá wálé, àwọn ìyá àgbà á máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò sì máa dáhùn bí ó ti lè ṣe é. Irọ́ náà ń jẹ ẹ́ nínú bí ìkán ti ń jẹ igi.

Mo ti gba àyè lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀ kí n tó kọ èyí. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ kí ìyókù wa fi kọ́gbọ́n.

ỌMỌ TA NI Ọ́? TA NI Ọ́?

Ìbéèrè méjì ni ọmọ ènìyàn ní láti dáhùn kí ó tó di àgbà. Èkíní ni: ọmọ ta ni ọ́? Àwa Yorùbá mọ bí a ti ń dáhùn èyí dáadáa. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ a fún un ní orúkọ, a ń kì í ní oríkì, a ń fi ẹbí baba àti ẹbí ìyá hàn án. Bí ó bá ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilé ìwé, a ó di ẹrù fún un tán, a ó wá ní, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọmọ tí ó bá mọ orírun rẹ̀ kì í tètè sọnù láàárín ọjà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀, bí ọmọ náà bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún, tí ìbéèrè kejì yóò dé: èmi gan-an, ta ni mí? Iṣẹ́ wo ni ó bá mi mu? Èwo ni mo gbàgbọ́ nítorí pé èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n, tí kì í ṣe nítorí pé ìyá mi pọ̀n mí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? Irú ẹni wo ni n ó fẹ́? Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Ara ìdàgbàsókè ni, gẹ́gẹ́ bí ohùn ọmọkùnrin ti ń ki nígbà tí ó bá bàlágà.

Ẹnìkan tí ó kọ̀wé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Erik Erikson. Ìlú Frankfurt ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1902. Kò mọ bàbá tí ó bí i. Ọkọ ìyá rẹ̀, ẹni tí í ṣe Júù, ni ó tọ́ ọ dàgbà tí ó sì fún un ní orúkọ. Ní ilé ìwé, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín pé Júù ni. Ní sínágọ́gù, wọ́n ń wo àwọ̀ irun àti ojú rẹ̀, wọ́n ní kò jọ ara wọn. Nígbà tí ó jáde ilé ìwé, ó ń rìn kiri ilẹ̀ Yúróòpù, ó ń ya àwòrán, kò sì mọ ibi tí òun ń lọ. Kò gba dìgírì yunifásítì kankan láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1939, nígbà tí ó di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ó fúnra rẹ̀ mú orúkọ náà, Erikson.

Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi kọ́ ayé ni pé mímọ ẹni tí a jẹ́ ni iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ fún ọ̀dọ́, àti pé iṣẹ́ náà ń fẹ́ àkókò. Bí ọ̀dọ́ bá rí àkókò, tí ó sì rí àgbà tí yóò dúró tì í láì lé e níré, ìdààmú náà yóò kọjá, òun yóò sì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Onímọ̀ mìíràn, James Marcia, tẹ̀ síwájú lórí ẹ̀kọ́ yìí ní 1966. Ó ní ipò mẹ́rin ni a lè bá ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ilé tiwa wò wọ́n.

Ẹni kìíní gba ohun tí òbí yàn fún un láì bi ara rẹ̀ léèrè. Ara rẹ̀ balẹ̀ lójú wa, a máa ń yìn ín pé ọmọ rere ni. Ibẹ̀ ni Dókítà wa wà títí ẹrù náà fi wúwo jù. Ẹni kejì kò wá nǹkan kan, kò sì yan nǹkan kan. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni yóò gbà. Ẹni kẹta ń wá kiri. Ó ń béèrè, ó ń yí ọkàn padà, kò sinmi, àwa sì ń pè é ní olórí kunkun. Ẹni kẹrin ti wá, ó ti rí, ó sì ti yàn. Ẹ kíyè sí i pé ẹni kẹrin yìí lè yan ohun kan náà tí bàbá rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n nísinsin yìí, tirẹ̀ ni.

Ẹni kẹta ni ó máa ń bà wá lẹ́rù jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó ti wà lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni kìíní tí a ń yìn ni ó yẹ kí a bá jókòó sọ̀rọ̀.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ARO

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa tipẹ́tipẹ́.

Gbogbo wa la mọ orúkọ ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a sábà máa ń fi í bú ara wa ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, ni ó sọ ibẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Dípò kí wọ́n máa ti aláìsàn mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí aláìsàn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú ìyá tàbí ẹbí rẹ̀, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá òun, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ojú ń ṣú wọn bí wọ́n bá gbé ìwé. Wọ́n ń kà á, kò wọlé. Èyí tí wọ́n kà lánàá, wọn kò rántí mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọpọlọ àwọn ti rẹ̀, wọ́n ń pè é ní brain fag. Prince kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní 1960. Orúkọ náà kì í tilẹ̀ ṣe tiwa ní ìbẹ̀rẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti bí ọdún 1800 lé ni wọ́n ti ń lò ó fún àwọn tí iṣẹ́ ọpọlọ ti tán lókun.

Nígbà tí mo ka àwọn àmì wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn padà sí mi létí: "ńṣe ló dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀."

Kí ni Prince rí gẹ́gẹ́ bí ìdí rẹ̀? Ó rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kì í kàwé fún ara rẹ̀ nìkan. Gbogbo ẹbí ti dá owó jọ lé e lórí. Òun ni yóò rán àwọn àbúrò níwèé, òun ni yóò kọ́lé fún bàbá. Síbẹ̀, òun nìkan ni yóò jókòó ti ìwé náà ní òru, ní ọ̀nà tí kò bá ìgbé ayé agbo ilé tí ó ti wá mu. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo ní Ilé-Ifẹ̀ tún fi hàn pé àìsùn, àti oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má bàa kùn wọ́n, wà nínú ohun tí ó ń dá kún un.

Ní 2015, àwọn dókítà kan kọ ọ́ pé orúkọ náà ti ń parẹ́, àti pé lónìí, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni oníṣègùn yóò pe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ lè parẹ́, ẹ̀yin ará. Ẹrù náà ṣì wà lórí àwọn ọmọ.

ẸRÙ TI ÒDE ÒNÍ

Ẹrù náà tilẹ̀ ti wúwo sí i. Láti 1978 tí wọ́n ti dá JAMB sílẹ̀, iye àwọn tí ń wá àyè pọ̀ ju àyè lọ lọ́dọọdún. Ẹni tí ó sì wọlé, ó lè má mọ ìgbà tí yóò jáde. Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ní 2020. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò nílé. Ọmọ tí ó yẹ kí ó ti máa sìn ilẹ̀ baba rẹ̀ ń jókòó sí ìyẹ̀wù kan náà tí ó ti ń sùn láti kékeré.

Nínú ìyẹ̀wù yẹn, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo àwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Kánádà, tí ó dúró ti mọ́tò. Kò rí òru tí ẹni yẹn fi ń ṣiṣẹ́. Ó ń wo ọmọ àdúgbò tí ó fi jìbìtì Yahoo ra ọkọ̀, ó sì ń gbọ́ bí àwọn àgbà ti ń kí i. Bí àwa àgbà bá ń wólẹ̀ fún owó, kí ni kí ọmọ rò pé òun jẹ́ bí kò bá ní in?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà fi hàn ní 2005 pé nínú mẹ́rin àwọn tí àìsàn ọkàn ń bá jà, mẹ́ta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ fún kí wọ́n tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Àsìkò tí ọmọ ń wá ẹni tí òun jẹ́ gan-an ni àsìkò tí ọkàn rẹ̀ rọrùn jù láti fọ́.

ÌHÁMỌ́RA SỌ́Ọ̀LÙ

Gbogbo wa la fẹ́ràn ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí a máa ń yára kọjá. Kí Dáfídì tó lọ sí ojú ogun, Sọ́ọ̀lù wọ̀ ọ́ ní ìhámọ́ra tirẹ̀. Sọ́ọ̀lù kò ní èrò ibi. Ìhámọ́ra ọba ni, èyí tí ó dára jù nínú ibùdó. Ṣùgbọ́n Dáfídì gbìyànjú láti rìn, kò lè rìn. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá àti kànnàkànnà rẹ̀, ó sì ṣa òkúta nínú odò.

Ẹ̀yin òbí, ìfẹ́ ni ó mú kí a wọ ọmọ wa ní ìhámọ́ra. Àwa tí a kò rí ìwé kà fẹ́ kí wọ́n kà á. Ìyá tí ó ti dúró nínú oòrùn ní Arakale fún ogún ọdún fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sábẹ́ fáànù. Ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bí kò bá lè rìn, kí a ràn án lọ́wọ́ láti bọ́ ọ.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ pe ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Kí àwa pásítọ̀ jáwọ́ nínú sísọ ọmọ ní Dókítà, Lọ́yà tàbí Ẹnjiníà láti orí pẹpẹ. Kí a yìn ín fún òtítọ́ àti ìwà rẹ̀, kí a má yìn ín fún iṣẹ́ tí kò tíì ṣe.

2. Ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbọ́ ọ parí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ jókòó tì í ní alẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òótọ́ kì yóò lé òun kúrò nílé.

3. Ẹ jẹ́ kí ó dán nǹkan wò. Ní ìgbà ìsinmi, kí ó lọ sí oko, kí ó jókòó ti télọ̀, kí ó wo bí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba Arakale yóò dé Ọjà Ọba. Ẹni tí ó gba òpópónà Ọba Adesida yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n lójú ìsọ̀ pé ọ̀nà wo ni wọ́n bá wá.

4. Ẹ mọ àmì ewu. Bí ọmọ kò bá sùn tàbí jẹun dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tí ó fẹ́ràn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí ó ń sá fún ènìyàn, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun má sí, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ikú, ẹ fi sùúrù bi í ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà.

5. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Èlíjà sá wọ aginjù, tí ó jókòó sábẹ́ igi tí ó ń bẹ̀bẹ̀ kí òun kú, Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún sùn, ó tún jẹ. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí: mo gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí Ọlọ́run ì bá kọ́kọ́ bọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ wà ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, kò sì yẹ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti wọ ibẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ dé ní Nàìjíríà, láti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó dùn mí láti sọ pé nínú ìwádìí tí Human Rights Watch gbé jáde ní 2019, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ibi tí wọ́n ti bá aláìsàn nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Kí irú èyí má ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Abúlé tí ó yí Aro ká ti kọ́ wa pé oògùn àti ẹbí jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

SÍ Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí o kò bá tíì mọ ẹni tí o jẹ́ ní ogún ọdún, o kò pẹ́. Jósẹ́fù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí ó lá àlá rẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí ó dúró níwájú Fáráò. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni kí ẹ má fi irọ́ ra àkókò. Wá àgbà kan tí o lè sọ òótọ́ fún. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ, wá ẹlòmíràn. Kí o sì sùn. Oorun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin wa ti rí. Ó lo oògùn fún oṣù mélòó kan, ó sì ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ó sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sunkún, n kò ní parọ́. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó bi í léèrè pé kí ni wọ́n ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí. Ó ṣàlàyé fún un títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá náà sọ fún mi pé láti ọdún mẹ́ta, òun kò tíì gbọ́ kí ọmọ òun sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ti jáde ní yunifásítì báyìí, ó sì ń bá àwọn àgbẹ̀ kòkó ní apá Oǹdó ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ kò le ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ké gbàjarè. Nígbà tí ó wá sí ìsìn kẹ́yìn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.